Ìjọ Tí Àlejò Pè Wá Sílé Onílé: Ọ̀ràn Àgbádárìgì, 1841 sí 1852

Mo ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìtàn ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, ní ìjọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó ń múra ọdún ìdásílẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni alága fi bẹ̀rẹ̀ níbi méjèèjì: ta ni àlùfáà àkọ́kọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ránṣẹ́ pe àlùfáà náà. Èmi náà kò béèrè. Ìgbà tí ìwé kejì jáde, tí a ti ń pín in pọ̀ mọ́ ìrẹsì ní gbọ̀ngàn, ni ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó wo gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ó wá bi mí pé, "Yàrá tí ìyá wa ti ń bá wọn kọrin kí àlùfáà tó dé ńkọ́? Ẹ ò ya ìyẹn?" Mi ò rí èsì fọ̀ fún un. Yàrá yẹn kò sí níbì kankan nínú ìwé wa.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló dá mi padà sídìí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ orí ara rẹ̀, láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, lábẹ́ igi Àgíà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ déètì náà lórí. Ohun tí a kì í sábà tú palẹ̀ ni bí ìjọ náà ṣe rìn láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, àti ìdí tí ìlú tó kọ́kọ́ gbà á fi di ibi tí ìjọ gbà kọjá. Mo fẹ́ tú u bí a ṣe ń tú ẹjọ́, nítorí àwọn tó ń gbé ìjọ lọ sí ìlú ẹnu bodè lónìí ṣì ń tọ ipasẹ̀ kan náà láìmọ̀.

Ìlú tí wọ́n bá nílẹ̀

Àgbádárìgì nígbà náà kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń ṣèèṣì dé. Òkun wà níwájú, ọ̀sà wà láàárín òkun àti ìlú. Dàhómì wà lápá ìwọ̀-oòrùn, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì sún mọ́ ìlú ju Dàhómì lọ. Èkó wà lápá ìlà-oòrùn. Lókè lọ́hùn-ún ni àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n sì ń wá ojú ọ̀nà tí wọn yóò fi dé etí òkun láìgba ọwọ́ Èkó. Gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n ń wá ní Àgbádárìgì, ìlú náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òwò ẹrú ló sọ ọ́ di ńlá, òwò ẹrú ṣì ń lọ níbẹ̀ nígbà tí àwọn oníwàásù dé.

Ẹ̀gùn ni onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ń gbé láàárín wọn. Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú pín sí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí wọ̀nyí ló ní òyìnbó tí ìdílé wọn ti ń bá ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́: Potogí fún òmíì, Faransé fún òmíì, Gẹ̀ẹ́sì fún òmíì. Nítorí náà, bí àlejò òyìnbó bá wọ ìlú, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ló ń wọ̀ sí, ọ̀tá ẹni náà á sì di ọ̀tá tirẹ̀ kí oúnjẹ àkọ́kọ́ tó jinná. Richard Lander, arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì, rí i fojú rírí lọ́dún 1827, nígbà tó ń darí bọ̀ láti òkè lẹ́yìn ikú Clapperton, ọ̀gá rẹ̀. Àwọn Potogí oníṣòwò ẹrú fẹ̀sùn kàn án pé amí ni, wọ́n sì fún un ní omi májèlé tí ìlú fi ń dán arúfin wò. Ó mu ún, kò kú. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín ìyẹn àti ọjọ́ tí wọ́n kọrin lábẹ́ igi Àgíà.

Àwọn tó pe ìjọ wá kì í ṣe Ẹ̀gùn. Sàró ni wọ́n, ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lójú òkun, tó sì já sílẹ̀ ní Freetown, ní Sierra Leone. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé, òwò àti orin ìsìn. Ní nǹkan bí ọdún 1839, àwọn kan nínú wọn dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Queen Victoria, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wálé. Àwọn tó kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Èkó rí i he: wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n ní kí wọ́n máa bá tiwọn lọ sókè. Ọ̀rọ̀ yìí tètè dé Freetown, bẹ́ẹ̀ ni Àgbádárìgì ṣe di ibi tí wọ́n ń sọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i. Ẹ̀gbá ni púpọ̀ nínú wọn. Abẹ́òkúta ni ojú wọn wà. Ẹnu ọ̀nà lásán ni Àgbádárìgì jẹ́ fún wọn, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn ń bọ́ bàtà sí kí ó tó wọ yàrá.

Lẹ́tà kan

Nínú oṣù Kẹta ọdún 1841, ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ́ James Ferguson, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ̀wé láti Àgbádárìgì sí Thomas Dove tó jẹ́ olórí ìjọ náà ní Freetown. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n rán oníwàásù wá, kí ó sì yá. Bí mo bá ní agbára lórí ìwé ìtàn, ọjọ́ lẹ́tà yìí ni mo máa fi sójú ewé àkọ́kọ́, nítorí kí àlùfáà kankan tó fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn ibẹ̀ ni ìjọ ti wà: àwọn ọkùnrin àti obìnrin díẹ̀ tó ń pàdé gbàdúrà, tó mọ orin, tó mọ ohun tí wọn kò ní.

Kí ni wọn kò ní? Ìwé sábà máa ń dáhùn pé ìhìnrere ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun mìíràn wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti tà rí, tó tún padà sí etí òkun tí wọ́n ti ń tani, kò lè sùn dáadáa. Bí òyìnbó oníwàásù bá wà nínú ìlú, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò ní í jìnnà, olówò ẹrú á sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó na ọwọ́ sí ọmọ Sàró. Ìdí nìyẹn tí àwọn Sàró mìíràn fi ti bẹ ìjọba Freetown kí ọdún 1840 tó pé pé kí Ọbabìnrin fi Àgbádárìgì sábẹ́ ààbò rẹ̀, kí ó sì fi oníwàásù kún un. Ìwàásù àti ààbò jọ wà nínú ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀.

Dove kò lè kúrò ní Freetown. Àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù wá gbé iṣẹ́ náà lé Thomas Birch Freeman lọ́wọ́, ẹni tó wà ní Cape Coast, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí.

Àwọn tó jẹ́ ìpè

Wọ́n bí Freeman ní Twyford ní England lọ́dún 1809. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni bàbá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Olùtọ́jú ọgbà òdòdó ni kó tó di oníwàásù, ojú rẹ̀ sì mọ ewéko títí ó fi dàgbà. Ó dé Cape Coast ní oṣù Kínní ọdún 1838. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí ìyàwó rẹ̀ fi kú. Ìyàwó rẹ̀ kejì náà kú lọ́dún 1841. Ó ti dé Kùmásì lọ́dọ̀ Aṣàńtéhènè, ọba àwọn Aṣáńtì. Kò bẹ̀rù ọba, kò bẹ̀rù ọ̀nà jíjìn. Àléébù kan ló ní, ẹ rántí rẹ̀ nítorí yóò padà wá bá wa: kò fìgbà kan gbọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà kankan délẹ̀. Ògbufọ̀ ló ń gbẹ́nu sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tó bá a wá ni William de Graft, òun àti ìyàwó rẹ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà nínú ọ̀ràn yìí, de Graft ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni a kì í yà sára ògiri. Fante ni. Ní Cape Coast, òun àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin bíi mélòó kan tí wọ́n jọ jáde nílé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ló kóra jọ tí wọ́n ń ka Bíbélì fúnra wọn, láìsí àlùfáà. Òun ló bẹ ọ̀gákọ̀ kan pé kó bá wọn ra Bíbélì wá láti England. Ìyẹn ló mú oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì àkọ́kọ́ wá síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1835. Ẹni tó ti ránṣẹ́ pe ìjọ rí nílé tirẹ̀ ni wọ́n wá rán lọ jẹ́ ìpè ẹlòmíràn. Ferguson àti de Graft: ìrírí kan náà ni wọ́n ní.

Ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ Àgbádárìgì. Ó ń dúró lójú agbami ni, àwọn atukọ̀ á wá fi ọkọ̀ kékeré gba orí ìgbì kó ènìyàn àti ẹrù dé iyanrìn. Láti ibẹ̀, àwọn alárù á ru àpótí kọjá ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín òkun àti ọ̀sà, ọ̀nà kan náà tí wọ́n ti ń da ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n á tún wọ ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó dé ìlú. Bí mo bá dúró létí ọ̀sà yẹn lónìí, tí mo wo òdìkejì, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé àpótí ìwé orin àti ẹni tí wọ́n dè lọ́rùn pàdé ara wọn lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, nínú ọdún kan náà.

Wawu, olórí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní àdúgbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló gbà wọ́n. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n fi ọparun kọ́ ilé ìsìn. Wọ́n wàásù lábẹ́ igi Àgíà. Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ohun gbogbo ń lọ geerege.

Kérésìmesì tí gbogbo ènìyàn ń ròyìn

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yí ni oṣù Kejìlá. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ránṣẹ́ sí Freeman. Àwọn Sàró tó ti dé Abẹ́òkúta ti ròyìn fún un, ó sì fẹ́ rí oníwàásù náà. Freeman wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Ayọ̀ ni Ṣódẹkẹ́ fi gbà á. Àwọn Sàró tó ti rí bàbá àti ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n rò pé ó ti kú yọ̀ mọ́ ọn bí ẹni yọ̀ mọ́ ọmọ tuntun. Ó padà dé Àgbádárìgì ní ọjọ́ 24, ó bá Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà, nílẹ̀, ẹni tí Freetown rán wá wo ọ̀nà. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésìmesì, èyí tí à ń pè ní Kérésìmesì àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa.

A fẹ́ràn ìtàn yìí. Mẹ́tọ́díìsì àti Áńgílíkà jókòó pọ̀, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì tó fẹ́ dúró. Townsend ń dúró de ọ̀nà Abẹ́òkúta, ó sì wọ ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kínní. Freeman ń di ẹrù Dàhómì, nítorí ọ̀rọ̀ ń lọ pé Gẹ́zò, ọba Dàhómì, lè kọlu Àgbádárìgì, ó sì fẹ́ lọ bá ọba náà sọ ọ́ lójúkojú. Láti ọjọ́ tó gúnlẹ̀ títí di ọjọ́ tó kúrò, oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni Freeman lò, ó sì fi apá kan nínú rẹ̀ rin ìrìn-àjò Abẹ́òkúta. Olùdásílẹ̀ tí à ń dárúkọ kò gbé ìlú náà tó àsìkò tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń parí ìpín kan.

Èmi kì í dá Freeman lẹ́bi nípa ìyẹn. Iṣẹ́ ẹni tó ń lànà ni ó ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí mo ti ń dá wa lẹ́bi ni pé a sọ ẹni tó lànà di ẹni tó gbin oko. De Graft ni wọ́n fi oko sílẹ̀ fún.

Ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ èdè

Lọ́dún 1843, de Graft àti ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, èyí tí wọ́n kà sí ilé-ẹ̀kọ́ ìwé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Nursery of the Infant Church ni wọ́n pè é. Orúkọ náà wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ló wà níbẹ̀? Àwọn ọmọ Sàró ló pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Fante sì ni olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fà á jáde díẹ̀, nítorí ibí ni gbogbo ọ̀ràn yìí so kọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi kan ní Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu oníwàásù ní Gẹ̀ẹ́sì ní láti gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá. Sàró ló wà nílẹ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni èdè abínibí rẹ̀. Nítorí náà, Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí. Onílé tó dúró lẹ́yìn, tó ń wo ohun tí àwọn àlejò rẹ̀ ń ṣe lábẹ́ igi, Ẹ̀gùn ló ń sọ. Ó lè gbọ́ Yorùbá ọjà, ti kí ni ẹ ń tà á àti kí ẹ dín owó rẹ̀ kù. Èyí tí a fi ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìdáríjì jinlẹ̀ jùyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìwàásù ṣe ń rìn láti ẹnu àlejò sí etí àlejò, tí onílé ń gbọ́ ariwo orin rẹ̀ nìkan. Onílé sì ní òrìṣà Vlekete tirẹ̀, ó ní Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Àìní kankan kò tì í dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí Sàró kan bá wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kò lọ lóun nìkan. Ó mú ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó mú ọmọ rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó sì mú ẹnu tó lè túmọ̀ ìwàásù lọ pẹ̀lú. Ìdílé kan lọ, àyè mẹ́rin ṣófo. Samuel Annear tó rọ́pò de Graft lọ́dún 1844 bá irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ń jò nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bu omi sí i lókè.

Yàrá ìdúró

Ní oṣù Kínní ọdún 1845, CMS padà wá pẹ̀lú agbára: Townsend, Gollmer, àti Àjàyí Crowther tí wọ́n ti fi jẹ àlùfáà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ìròyìn tó pàdé wọn ni pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ọ̀nà dí, ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi há sí Àgbádárìgì. Ìlú tí ìjọ kan ń tiraka nínú rẹ̀ wá ní méjì. Gollmer kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ṣì dúró sí etí ọ̀sà títí dòní. Crowther ń wàásù ní Yorùbá, ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn ló ń ṣe é dè.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 òun àti Townsend wọ Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí Crowther fi rí ìyá tó bí i, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848, ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi níbẹ̀. Kò tó ọdún méjì. Ẹ fi wé Àgbádárìgì, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wà fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún nígbà náà, tí èso ṣì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn onílé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sábà máa ń sọ pé ọkàn àwọn ará Àgbádárìgì le. Èmi kò gbà. Ọmọ ló padà wá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá ní Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ Ẹ̀gùn kankan tó ti Freetown dé láti wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Àgbádárìgì.

Iná

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí kẹ́yìn kò ti ọwọ́ ìjọ wá. Lọ́dún 1845 Kòsọ́kọ́ lé Akíntóyè kúrò lórí oyè Èkó. Akíntóyè sá lọ sí Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà ó wá fìdí kalẹ̀ sí Àgbádárìgì. Àwọn oníwàásù dúró tì í, nítorí ó ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú bí òun bá padà dé ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tó ti pín sí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ tún wá pín sí méjì, ti Akíntóyè àti ti Kòsọ́kọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1851 ogun bẹ́ láàárín ìlú, iná sì jó púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀. Àwọn ti Akíntóyè ló borí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ti Kòsọ́kọ́ sì sá jáde.

Ìjọ wà ní ẹ̀yìn ẹni tó borí. Ènìyàn lè rò pé ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá jáde nílé bàbá rẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ òyìnbó kì í padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn.

Ní ìparí ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó ṣí ilẹ̀kùn Èkó fún òwò àti fún oníwàásù. Ìdí tí Sàró fi ń gba Àgbádárìgì kọjá tán lọ́jọ́ náà. Gollmer kó lọ sí Èkó lọ́dún yẹn. Àwọn Sàró oníṣòwò ń kó lọ tẹ̀ lé ara wọn, púpọ̀ nínú wọn fìdí kalẹ̀ sí Olówógbowó, níbi tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti wá ta gbòǹgbò ní ti gidi. Àgbádárìgì wá dákẹ́. Ìjọ kò kú níbẹ̀, ó ṣì wà dòní, ṣùgbọ́n ó di ẹ̀ka lára igi tó ti ara rẹ̀ hù.

Ti Freeman, gbèsè ló mú un. Ó ń ṣí ibùdó ju bí owó ṣe ń wọlé lọ, ìwé ìṣirò rẹ̀ kò sì dá ẹnikẹ́ni lójú ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1857 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó náà. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1873, ó sì kú ní Accra lọ́dún 1890.

Ohun tí mo ń bá àwọn tó ń gbé ìjọ lọ sẹ́nu bodè sọ

Bí ìpè bá dé láti ìlú ẹnu bodè, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹni tó pè yín ń gbé ibẹ̀ tàbí ó ń kọjá. Mo ti rí i ní ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀: àwọn ọmọ ìjọ kan tó jẹ́ oníṣòwò gbogbo wọn kọ́ ilé ìsìn alárinrin, ìjọba ti ẹnu bodè pa, wọ́n gba ibòmíràn lọ, ẹyẹ ń sùn nínú ilé náà. Kò burú láti sin ẹni tó ń kọjá. Ẹ má kàn fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ọparun kọ́. Freeman pàápàá mọ ìyẹn.

Èdè kò ṣeé sún síwájú. Àwọn oníwàásù kan á sọ fún mi pé gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló gbọ́ Yorùbá, pé Ẹ̀gùn á dé tó bá yá. Bí wọ́n ṣe rò ó ní 1843 náà nìyẹn. Ẹ wá onílé kan tó lè gbàdúrà ní èdè rẹ̀ níwájú ìjọ ní ọdún àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Bí ẹ kò bá rí ẹnì kankan, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀.

Ní ti olórí àdúgbò tó fún yín ní ilẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ kí àwọn méje tó kù. Ó le ju bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí lọ, nítorí ẹni àkọ́kọ́ á bínú. Mi ò tíì rí ìjọ tó ṣe é láìjìyà díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá sọ, ẹni tí ẹ kò kí rí kò ní í bá yín pa á.

Igi Àgíà wó ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1959. Ọ̀wọ̀n ìrántí ló dúró síbẹ̀ báyìí, wọ́n kọ déètì ìwàásù náà sára rẹ̀. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ mo sì ti ya fọ́tò bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ìgbìmọ̀ kẹta ti pè mí báyìí, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí ẹnu bodè. Kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó dé, mo padà lọ bá ìyá ẹlẹ́kọ náà pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò, mo ní kí ó ka orúkọ àwọn tó ń kọrin nínú yàrá ọjọ́sí fún mi. Ó ka mẹ́sàn-án. Mẹ́ta nínú wọn, orúkọ òwò wọn nìkan ló mọ̀: Ìyá Ẹlẹ́ja, Bàbá Alágbẹ̀dẹ, Ìyá Oníyọ̀. Mo wá bi í pé ìyá rẹ̀ ló ni ilé náà, àbí bàbá rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn òbí òun háyà yàrá ni. Obìnrin Ẹ̀gùn kan ló ni ilé, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí títí ó fi kú, ṣùgbọ́n gbogbo alẹ́ tí wọ́n bá ń kọrin ló máa ń gbé àga rẹ̀ wá sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Kò sẹ́ni tó túmọ̀ orin náà fún un," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ sí ẹ̀kọ tí oníbàárà ń dúró dè.